Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Wá Kà Wá, Ẹ Jẹ́ Ká Wà Lórí Ìsọ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn náà lè kà á, kí àwọn ọmọ sì lè kà á sétí àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríwèé mọ́.

    

A mọ̀ pé kálukú ló fi ọmọ tàbí aládùúgbò ti ìsọ̀ kó tó wá, nítorí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí a óò máa jókòó tajà ni.

Gbogbo wa la rí àwọn ọmọkùnrin tó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń yọjú wo inú rẹ̀, tí wọ́n ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Láti ọjọ́ náà ni ariwo ti gba ọjà kan. Ẹnì kan ní rélùwéè ló ń bọ̀. Òmíràn ní ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni. Ẹnì kẹta ní wọ́n ti ta ọjà fún olówó kan. Àwọn kan ti ń wá ìsọ̀ síbòmíràn, àwọn kan sì ní kò kan àwọn, pé ìjọba á sọ ọ́ títí á fi sú u.

Àwa ìgbìmọ̀ ti lọ bèèrè. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ètò ọkọ̀ èrò ni lóòótọ́, pé ìwádìí ni wọ́n ṣì ń ṣe, pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí wọn kò tíì fọwọ́ sí i ni ẹnu wa níyì. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ sì mọ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń rí lójú ẹni tí katakata rẹ̀ ti dé sójú iṣẹ́.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Àwọn àgbà tó wà níbí kò lè gbàgbé ìgbà tí wọ́n fẹ títì tó wà níwájú wa yìí. A dé ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá àmì pupa lára ìsọ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa. Kí ọjọ́ méje tó pé, ẹni tó ráyè kó ẹrù kó o, ẹni tí kò ráyè fi í síbẹ̀. Ìyá kan láàárín wa tó ń ta ẹja tútù gbé fìríísà méjì síta lójú oòrùn, kò rí ibi tó máa ti rí iná, ẹja inú rẹ̀ bàjẹ́ tán. Owó àjọ ni ó fi ra ẹja náà, àjọ náà kò sì dúró dè é. Àwọn mìíràn lọ lọ́jọ́ náà, wọn ò padà sí ìdí òwò mọ́ títí dòní.

A rán ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. A ò ní dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe ìjà la wá jà lónìí. Akọ̀wé kan níbẹ̀, ọmọlúwàbí ni, gbé ìwé ńlá kan jáde. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ìwé yìí wà ní sẹkitéríàtì káńsù yín fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ wá sọ ọ́. Ẹnì kankan kò wá láti ọjà yín."

Ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti mẹ́nu ba ọjà wa. Ìlà kan ṣoṣo ni. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò kéékèèké díẹ̀ wà lẹ́bàá títì, pé wọ́n lè kó kúrò láìsí ìnira.

Díẹ̀! Láìsí ìnira! A bi í pé ọjọ́ wo ni ẹni tó kọ ọ́ wá. Ó wo ìwé, ó ní ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ̀yin ìyá, ṣé a máa ń ṣí ọjà lọ́jọ́ Àìkú ni? Ẹni yẹn wá, ó bá ìsọ̀ ní títì, ó bá àwọn ọmọ mélòó kan tó ń ta omi, ó kọ ohun tó rí. Kò purọ́ ohun tó rí. Àwa ni kò rí, nítorí a kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

KÍ NI ÌWÉ NÁÀ?

Ìwé tí akọ̀wé yẹn gbé jáde ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní EIA. Àwa á pè é ní àyẹ̀wò àyíká. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ aládàáni, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí ilẹ̀, sí omi, sí afẹ́fẹ́, àti sí àwọn ènìyàn tó ń gbé tàbí tó ń ṣòwò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tó máa ṣe kí ìnira má bàa pọ̀. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ di òfin, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970.

Nílẹ̀ wa, májèlé ló là wá lójú. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó àwọn àgbá tí pàǹtí olóró kún inú wọn láti Ítálì wá sí Kókó, ìlú etí omi kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Àgbàlá onílé kan ni wọ́n kó o sí, wọ́n ń fún un lówó díẹ̀, kò mọ ohun tó gbà sílé. Ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Kí ọdún náà tó parí ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ àyíká. Ní 1992 ni òfin àyẹ̀wò àyíká jáde, Òfin 86 ti ọdún náà. Láti 1999 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní iléeṣẹ́ tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ àyíká, òun ló sì ń bójú tó àyẹ̀wò náà títí dòní.

Òfin 1992 yìí to àwọn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ojú rélùwéè tuntun wà níbẹ̀. Ẹ̀ka rélùwéè wà níbẹ̀. Ètò ọkọ̀ tó ń kó èrò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà wà níbẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé kí wọ́n tó dájọ́ lórí iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn ará ìlú àti ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láàyè láti sọ èrò ọkàn wọn, àti pé ìdájọ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Nítorí náà, tí a bá lọ síbẹ̀ lọ sọ̀rọ̀, a ò lọ tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ wa la lọ lò.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àyíká jẹ́ ọ̀rọ̀ igi àti ẹja. Igi àti ẹja wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku tó máa bà lé gààrí wa wà níbẹ̀. Gọ́tà tí wọ́n máa dí, tí omi á fi wọ inú ìsọ̀, wà níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Àtijẹ àtimu wa wà níbẹ̀. Àyíká ni gbogbo rẹ̀.

A Ò BÁ BỌ́Ọ̀SÌ ṢỌ̀TÁ

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé ẹgbẹ́ wa kọ ìdàgbàsókè o. Àwa la ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ wá ọkọ̀. Àwa la ń fi ìdajì èrè san owó mọ́tò nígbà tí epo bá gbówó lórí. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lásìkò, ọjà ló ń gbé wá.

Ẹ wo Èkó. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, 22 kìlómítà. Ojú títì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín fún un, ìdí nìyẹn tí kò fi ná wọn lówó bíi ti ọ̀nà tuntun. Ní 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line láti Mile 2 dé Marina. Ní oṣù Kẹwàá 2024, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Red Line láti Agbádó dé Òyìngbò, ibùdókọ̀ mẹ́jọ, ó gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábà kọjá. Ti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹfà 2021. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn ibi wọ̀nyẹn. Mile 12, Agége, Òṣòdì, Múṣin, Òyìngbò. Ṣé ẹ rí ibì kan nínú wọn tí kò ní ọjà? Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ọkọ̀ ń gbà, ibi tí èrò bá pọ̀ sí náà ni ọjà ń wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà.

Bí ọkọ̀ bá máa wá, kó wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kó má gba orí wa kọjá.

Ọ̀NÀ TÍ ÀYẸ̀WÒ NÁÀ Ń GBÀ, ÀTI IBI TÍ ÌLẸ̀KÙN WA WÀ

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibi tí a ti kùnà nígbà yẹn nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ á kọ̀wé sí iléeṣẹ́ àyíká pé báyìí báyìí ni òun fẹ́ ṣe. Wọ́n á wò ó bóyá iṣẹ́ tó nílò àyẹ̀wò kíkún ni, tàbí ti díẹ̀, tàbí tí kò nílò rẹ̀.

Ìkejì, wọ́n á wá wo ojú ilẹ̀, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa wádìí. Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ nìyí fún wa. Tí ọ̀rọ̀ ọjà kò bá sí nínú ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí, kò sẹ́ni tó máa wádìí rẹ̀. Nítorí náà, ìpàdé tí wọ́n bá pe àwọn ará àdúgbò sí ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé ìpàdé aláṣọ funfun ni. Tiwa ni.

Ìkẹta, àwọn onímọ̀ á wá ṣe ìwádìí. Wọ́n sábà máa ń wá nígbà òjò, wọ́n á tún wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ilẹ̀ kì í rí bákan náà ní ìgbà méjèèjì. Wọ́n á wọn afẹ́fẹ́, wọ́n á bu omi, wọ́n á bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ka ìsọ̀. Ìlẹ̀kùn kejì nìyí, òun ló sì tóbi jù. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá kà wá, ẹ jẹ́ ká wà lórí ìsọ̀.

Ìkẹrin, wọ́n á kọ ìwé ìwádìí náà, wọ́n á gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún, kí ará ìlú lè kà á. Wọ́n máa ń gbé e sí iléeṣẹ́ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tí iṣẹ́ náà wà. Ìlẹ̀kùn kẹta nìyí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìyẹn ni pé ó máa tó oṣù kan. Ó pọ̀ fún ẹni tó mọ̀. Kò tó nǹkan fún ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ogún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ìkarùn-ún, ìgbìmọ̀ onímọ̀ á jókòó lórí ìwé náà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá, wọ́n lè pe ará ìlú jókòó níbẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n tún èyí ṣe, kí wọ́n fi tọ̀hún kún un. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìkẹyìn á jáde, tí wọ́n á fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Ìkẹfà, tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wá wò ó bóyá agbaṣẹ́ṣe ń ṣe ohun tó ṣèlérí. Ìlẹ̀kùn kẹrin nìyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ó wà. Tí ìwé bá sọ pé wọ́n á máa wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má sọ, tí wọn kò sì wọ́n ọn, ẹ̀sùn tó dúró lórí ẹsẹ̀ ni.

OHUN TÍ A Ó LỌ SỌ

Ẹ̀yin ìyá wa, tí a bá dé ìpàdé tí a ń sunkún pé "Ẹ má pa wá, a lọ́mọ," wọ́n á kẹ́dùn, wọ́n á sì kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé iye kalẹ̀, dandan ni kí wọ́n kọ iye sílẹ̀. Ìsọ̀ mélòó? Ta ló ni ín, ta ló háyà rẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀? Alábàárù mélòó ló ń jẹun nínú ọjà?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní alátà kan ń jèrè 5,000 náírà lóòjọ́. Ká ní iṣẹ́ dí ojú ọ̀nà fún 60 ọjọ́ ọjà. 300,000 náírà ló ti lọ yẹn, a ò tíì ka ata tó rà, a ò tíì ka oníbàárà tó ti bá ẹlòmíràn dọ́rẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá fún un ní owó pákó àti páànù nìkan, ṣé wọ́n ti san án tán? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wọn, bí kì í bá ṣe àwa?

Yàtọ̀ sí owó, àwọn ìbéèrè yìí ni a ti kọ sílẹ̀, ẹ lè fi tiyín kún un:

Níbo ni a ó máa tà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ? Ṣé wọ́n á ti ṣe ibẹ̀ tán kí wọ́n tó ní ká kúrò níbí? Ṣé omi, iná àti ṣáláńgá wà níbẹ̀? Oníbàárà ńkọ́, ṣé wọ́n á mọ̀nà ibẹ̀?

Tí ọkọ̀ bá ti ń lọ geere láàárín títì, báwo ni ìyá àgbàlagbà tó ru ẹrù á ṣe sọdá? Ṣé afárá gíga nìkan ni, tí ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè gùn?

Ẹrù wa ńkọ́? Ṣé bọ́ọ̀sì tuntun á gba àpò ẹ̀wà àti agbọ̀n tòmátì, àbí èrò tó mú báàgì lọ́wọ́ nìkan ló wà fún? Tí kò bá gbà á, níbo ni ọkọ̀ akẹ́rù á ti máa já ẹrù?

Gọ́tà tó ń gba iwájú ọjà kọjá, ṣé wọ́n á fẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé títì sókè? Nítorí tí títì bá ga ju ọjà lọ, ọ̀dọ̀ wa ni omi ń bọ̀.

TÍ A KÒ BÁ NÍ ÌWÉ ILẸ̀ ŃKỌ́?

Ìyá kan bi wá níbi ìpàdé pé, "Àwa tí a kò ní ìwé ilẹ̀, tí a kàn ń san tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ẹnu wo la fẹ́ fi sọ̀rọ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ pín sí méjì.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1978 ń wo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó ilé àti ohun tí a kọ́ síbẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ni òfin náà mẹ́nu bà. Kò sọ̀rọ̀ ọjà tí a kò rí tà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó Báǹkì Àgbáyé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, bó ṣe jẹ́ pé wọ́n wà lára àwọn tó yáni lówó fún ètò ìrìnnà Èkó tí LAMATA ń bójú tó, òfin báǹkì náà kún un. Òfin yẹn sọ pé ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ rárá, tó bá ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ gbèdéke tí wọ́n dá tó kọjá, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ohun tó kọ́ síbẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ tó máa fi padà dúró lórí ẹsẹ̀ òwò rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi wọ́n ni pé: owó ta ni? Ìkejì ni pé: ọjọ́ gbèdéke wo ni? Ẹni tó bá kọ́ ìsọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ gbèdéke, kò sí nínú ìwé.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń gbà yẹn náà, ẹ má fi di ẹ̀pà mọ́. Ẹ kó o jọ. Ẹ̀rí ni pé ẹ wà níbí, pé ìjọba mọ̀ pé ẹ wà níbí, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ yín.

ẸSẸ̀ TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ GBÉ

A ó sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa náà máa ń ba ọ̀rọ̀ ara wa jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ kan pákó tuntun mọ́lẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé owó ń bọ̀. Tí wọ́n bá mú ẹyọ ìsọ̀ irọ́ kan, gbogbo ìsọ̀ òtítọ́ ló di irọ́ lójú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ní òun mọ ènìyàn nínú ọ́fíìsì. Fífún àyẹ̀wò lọ́rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kíka ìwé náà ní sẹkitéríàtì, ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má fa èèkàn àwọn awọnlẹ̀ tu, kó má sì lé wọn. Tí a bá lé ẹni tó wá kà wá, a ti fi ọwọ́ ara wa yọ orúkọ ara wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rí ènìyàn méjì péré láàárín wa, kí wọ́n fún wọn ní ìjókòó àti mínírà, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ti bá ọjà sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè wá, aláta á wà níbẹ̀, aláṣọ á wà níbẹ̀, ẹlẹ́ja á wà níbẹ̀, alábàárù á wà níbẹ̀. Ohun tó ń dun ẹlẹ́ja kọ́ ló ń dun aláṣọ.

OHUN TÍ ÌPÀDÉ FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

Kí ọ̀rọ̀ má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èyí ni ìpàdé gbà:

Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà á yan ènìyàn méjì. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ orúkọ gbogbo ìsọ̀ tó wà nílà wọn sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́: orúkọ ẹni tó ni ín, ohun tó ń tà, ọdún tó dé, iye ènìyàn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ní fóònù tó ń ya fọ́tò, kó ya ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọjà wà lórí rẹ̀ tí oníbàárà dúró. Fọ́tò ọjà tí a ti pa kò wúlò. Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú yẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ á máa lọ sí sẹkitéríàtì káńsù ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kó wo pátákó ìkéde, kó bèèrè bóyá ìwé ti dé. Tí ìwé bá dé, lọ́jọ́ náà ni agogo á lù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ti gbà láti bá wa ka òyìnbó inú rẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ohunkóhun tí a bá sọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. A ó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, a ó ní kí ẹni tó gbà á ní ọ́fíìsì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa kó sì kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́ lára, ẹni tó gbọ́ ọ lè ní òun kò gbọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, a ò lè ṣèlérí pé gbogbo ohun tí a bá bèèrè ni wọ́n á fún wa. Àwọn ìsọ̀ kan lè kúrò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n mọ̀ wá kí wọ́n tó ṣí wa nípò, àti kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kí wa káàárọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀ báyìí. Ìyá ẹlẹ́ja tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn wà lára àwọn tí ìlà wọn yàn láti kọ orúkọ. Ó ní òun á ka ìsọ̀ ìlà òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ka ìwé yìí kó kà á fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó bá fẹ́ di gààrí, kó fi ìwé mìíràn di í.

Ọjà á tà o. A ò ní kúrò níbi tí ire ti ń bọ̀. Àṣẹ.

Àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yín.